Ta Ló Máa Rí I? Ohun Tí Ìwé Ìbéèrè Kọ́ Mi ní Mushin

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ṣe tì mí lọ́jà Ojúwòyè, ní Mushin.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ará ìlú á gbà kí àwọn ilé ìwòsàn máa fi àkọsílẹ̀ ìlera aláìsàn ránṣẹ́ síra wọn lórí kọ̀ǹpútà, kí àwa olùwádìí náà sì máa rí i lò. Ìwé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà jù. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ care.data, ètò tí àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lọ́dún 2013 láti kó àkọsílẹ̀ àwọn dókítà àdúgbò jọ sójú kan. Ariwo ará ìlú dá a dúró ní 2014. Nígbà tó di 2016, wọ́n pa á tì. Lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí dátà wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa wọn, má bọ́ sọ́wọ́ àwọn adójútòfò àti oníṣòwò. Èmi náà wá to ìbéèrè tèmi bẹ́ẹ̀: ṣé ẹ fọkàn tán ìjọba? Ṣé ẹ fọkàn tán ilé-iṣẹ́ aládàáni?

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan gbọ́ mi tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, kí ni ìjọba fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi ṣe?" Mo yára fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọmọ tó ń bá wa fa káàdì yọ nílé ìwòsàn, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé." Ìgbà yẹn ni mo tó wo ẹ̀yìn. Oníbàárà méjì ló dúró, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo wá wádìí ọ̀rọ̀ àṣírí, mo ń bi àgbàlagbà léèrè àìsàn rẹ̀ láàárín ọjà!

Ẹ má rò pé wọn ò fẹ́ kọ̀ǹpútà o. Bàbá kan ní Ìdúmọ̀tà gbé àpò ìwé X-ray lọ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, ó débẹ̀ tán, wọ́n ní kó tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe, ó tún sanwó. Ó ní kí wọ́n gbé tòun sórí kọ̀ǹpútà lónìí, kódà kí wọ́n fi han dókítà tó wà ní Kánò. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì í náà gbà, àfi jẹ́nótáìpù. AS ni, ìdílé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ò tíì mọ̀.

Òfin wà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 náà ka ìlera mọ́ dátà tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Mo ń fi èyí yangàn, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì bi mí ní ohun kan ṣoṣo: "Tí wọ́n bá tú mi láṣìírí, ta ni n óò lọ bá?" Nigeria Data Protection Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà, ni ìdáhùn, àmọ́ mi ò kọ ọ́ síbì kankan nínú ìwé tí mo ní kó buwọ́ lù.

Mo pa ìbéèrè ìfọkàntán yẹn rẹ́, mo fi ọ̀kan rọ́pò rẹ̀: ta ni ẹ ò fẹ́ kó rí i? Mo fi àlàfo sílẹ̀ kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n. Onílé. Ọ̀gá níbi iṣẹ́. Orogún. Ìyá ọkọ, léraléra. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi kà á títí, ó wá ní abẹ́ ìsọ̀rí wo ni n óò fi ìyá ọkọ sí, ṣé ìjọba ni àbí aládàáni.