Ọdún Tí Mo Kan Ilẹ̀kùn Mọ́kànlá

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ẹni tó bá ń tajà mọ̀ pé ọdún kì í parí kí a má ka ọjà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ọjọ́ kan péré ni mo fi ka àǹkárá àti léèsì tó kù nílẹ̀. Ohun tó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé kejì, ìwé ọmọ iléèwé olójú ewé 60 tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ilé tí à ń wá rà sí láti oṣù kẹta. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilẹ̀kùn 11 ni mo kàn. Lẹ́tà 9 ni mo fọwọ́ kọ. Ilé kan la rà.

Ọdún 16 la ti ń sanwó ilé ní Ìjọ̀kà. Nígbà tí ọdún yìí wọlé, lándílọ́ọ̀dù wa sọ ₦250,000 di ₦450,000. Mi ò bá a jà, gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta símẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Bàbá Tòmíwá jókòó sí orí bẹ́ẹ̀dì, a ṣírò owó títí iná fi lọ. A fẹnu kò pé ká ta ilẹ̀ pílọ́ọ̀tì méjì tí a ní lọ́nà Ọbá-Ilé, ká yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ká fi kún èyí tó wà nílẹ̀, ká ra ilé tó ti dúró. Ilé kíkọ́ láti ìpìlẹ̀ ti kọjá agbára wa.

Ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì la kọ́kọ́ gbà. Ilé kan ṣoṣo, ajẹ́ńtì mẹ́ta ló mú wa lọ wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àkọ́kọ́ ní ₦22 mílíọ̀nù, ti ìkejì ní 25, ti ìkẹta ní 28. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ wa. Ilé mìíràn tí wọ́n ní ká sáré wá wò, ìgbà tí a débẹ̀, ẹni tó ti rà á ni a bá níbẹ̀ tó ń kùn ún lọ́dà. Mi ò sọ pé gbogbo ajẹ́ńtì ló rí bẹ́ẹ̀. Olóòótọ́ wà láàárín wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì tó owó tó ń gbà. Àmọ́ bí ilé bá ti bọ́ sórí WhatsApp àti Facebook nílùú yìí, ẹni márùn-ún á máa tà á pọ̀, kálukú á máa lé owó tirẹ̀ sí i, onílé fúnra rẹ̀ lè má mọ iye tí wọ́n ń pè é.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló sọ lórí fóònù pé, “Àǹtí, ẹ lọ bá onílé fúnra yín.” Ó ní lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, bí èèyàn bá gbé ilé fún ajẹ́ńtì láti tà, ajẹ́ńtì á kọ ọ́ sí ibi kan tí gbogbo ajẹ́ńtì ti ń wò ó, MLS ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá èrò du ilé á ti kọ lẹ́tà sí onílé kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀. Orúkọ ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ilé ní Harris County, níbi tí Houston wà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń díyelé ilé nítorí owó orí. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Àwa ò ní irú ẹ̀ níbí. Ìyá tó ń dín àkàrà ní kọ́nà ló mọ ẹni tó ni ilé, òun àti fọganáísà tó ti wà ní ìdí igi láti ogún ọdún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀sán Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo á gba àdúgbò kan, mo á máa wo páànù tó ti dípẹtà, géètì tí aláǹtakùn ti ta okùn sí lára kọ́kọ́rọ́, ilé ńlá tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń tan iná sí. Mo á ra àkàrà, mo á béèrè.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ní Ìsinkàn, mo ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Bàbá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún mi. Omi ò tíì dé tí mo ti sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa ta ilé yìí.” Bàbá pa rédíò. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé mo ti kú?” Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ nígbà tó dìde wọlé lọ. Ọmọ tó bu omi wá dúró pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún.

Lọ́sẹ̀ kejì tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419. Ọ̀dà náà ti ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn kó tó gbẹ. Ó dùn mí wọra. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń mú kí èèyàn kọ irú ẹ̀ sára ilé: ẹ̀rù ni, pé kí ẹnìkan má lọ gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan lórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo gbé ẹ̀rù yẹn wọ ilé àgbàlagbà. Èmi àti ọkọ mi padà lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́. Àkọlé náà ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá gbọ́ pé èèyàn ń ta ilé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí ló dé. Ṣé gbèsè ni? Ṣé àìsàn ni? Ṣé àwọn ọmọ ò yọjú sí i mọ́ ni? Ẹni tó wá bèèrè ilé lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o kò kéde pé o fẹ́ tà, ó dà bí ẹni tó rí ìyà lára rẹ tó sì wá sọ ọ́ sí ọ létí. Mo yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí.

Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mo á sọ orúkọ mi àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo á ní, “À ń wá ilé rà ní àdúgbò yìí, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí wa.” Bí onílé bá fẹ́ sọ nípa tirẹ̀, ọ̀nà ti là fún un. Bí kò bá fẹ́, á dárúkọ ẹlòmíì, iyì rẹ̀ ò sì ní dínkù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló tún lé mi jáde. Fún àwọn tí kò gbé nínú ilé wọn, mo kọ lẹ́tà, mo fún ayálégbé kó bá mi fi ránṣẹ́. Ojú ewé kan ni, Yorùbá ni, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ ọ́. Mo kọ nọ́ńbà mi sí i. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí lọ́yà tó rí ìwé ilé. Ẹni mẹ́ta pè mí.

Kí àwọn yẹn tó pè, mo ti rí ilé kan tó fẹ́ẹ̀ mú mi ṣìnà. Òkè-Àró ló wà. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ rẹpẹtẹ sílẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló bá wa sọ̀rọ̀. ₦14 mílíọ̀nù ló pè é, ó ní ká yára kí àwọn yòókù tó ti Èkó wálé ọdún. Iye yẹn dùn mọ́ wa, mi ò ní purọ́. Lọ́yà wa ló bi í pé àwọn yòókù dà. Ó ṣàlàyé fún wa pé ilé ẹbí ni: bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá dá a tà, títà náà ò sí rárá lójú òfin, bí olórí ẹbí bá tà á láìbá àwọn àgbà inú ẹbí sọ ọ́, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Olórí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìyẹn ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ní òun nìkan tó.

À bá kúrò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé ọmọ ìyàwó kejì nínú ilé yẹn ló ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Ọba, kò jìnnà sí mi rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kí i láàárọ̀ tí mi ò lè sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, mo lọ ra kóńgò méjì. Bó ṣe ń wọn ọ́n ni mo sọ fún un. Ó da ẹ̀lùbọ́ náà sínú kóńgò títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, tó ń dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, “Ilé Bàbá wa?” Ó tún ní, “Ilé Bàbá wa, Ìyá Tòmíwá?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó bú mi débi pé ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Bí mo bá tún bá irú ẹ̀ pàdé lọ́la, mo máa tún sọ ọ́.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹni tó bá yẹ ajẹ́ńtì sílẹ̀ ti gba iṣẹ́ ajẹ́ńtì ṣe ni. Ìwọ lo máa wádìí ẹni tó ni ilé. Ìwọ náà lo sì máa rí i pé onílé mọ iye tí ilé rẹ̀ tó, nítorí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ tó máa sọ fún un. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ló wúwo jù.

Oṣù kẹjọ ni Màmá tó ni ilé tí a padà rà pè mí. “Ìwọ lo kọ lẹ́tà yìí? Ìwé ọwọ́ rẹ ṣe é kà.” Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Àbújá ni wọ́n ń gbé báyìí, ayálégbé tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Òkè-Ìjẹ̀bú ló fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n wálé tí mo lọ bá wọn, wọn ò ṣílẹ̀kùn ilé fún mi. Wọ́n mú mi gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí iwájú ilé lápá òsì, níbi tí sàréè kan wà tí wọ́n fi táìsì funfun bò, igun kan ti là. Wọ́n ní, “Kí o tó wo yàrá, wá kí Bàbá.”

Mo kúnlẹ̀, mo kí Bàbá. Màmá jókòó sí etí sàréè, wọ́n fi ìṣẹ́tí ìró wọn nu eruku kúrò lórí orúkọ ọkọ wọn, wọ́n nù ún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹni méjì ti wá rí, ajẹ́ńtì ló mú wọn wá. Èkíní ní òun máa wó o bí òun bá ti sanwó. Èkejì ò tiẹ̀ gbé fóònù mọ́. “Mi ò lè ta ọkọ mi mọ́ ilé,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá bàbá àwọn ọmọ mi sọ ọ́. Ìgbà tí mo sọ fún un nílé, ó bi mí pé, “Bàbá tèmi, níbo ló wà? Ṣebí iwájú ilé náà ni.”

₦17 mílíọ̀nù ni Màmá pè é. Mo wo yàrá mẹ́ta, mo wo yàrá méjì tó wà lẹ́yìn, mo wo kànga, mo mọ̀ pé owó yẹn kéré. A pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ dídíyelé ilé, tó ní ìwé àṣẹ, a san owó rẹ̀, ó ní ilé náà lè tó 20. Mo gbé ìwé rẹ̀ fún Màmá. Àwọn kan nínú ẹbí mi ṣì ń pè mí ní òmùgọ̀ nítorí ẹ̀. Mo bi wọ́n pé bí ó bá jẹ́ ìyá wa ńkọ́, tó ń gbé ní Àbújá láti ọdún márùn-ún, tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta ilé ní Àkúrẹ́ mọ́? Màmá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní ká san 19. Wọ́n ní 1 tó kù, kí n máa fi tún sàréè ṣe. A san án lẹ́ẹ̀mejì, sínú àkáǹtì wọn fúnra wọn, lójú lọ́yà àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì.

Awọnlẹ̀ wọn ibi tí Bàbá wà, ó yà á sínú àwòrán ilẹ̀. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé a ò ní wó o, pé àwọn ọmọ lè wá nígbàkigbà bí wọ́n bá ti sọ fún wa, pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sí ibòmíì, àwọn ló máa náwó rẹ̀. Ayálégbé ẹ̀yìnkùlé ń bẹ níbẹ̀ di oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, owó tó ti san fún Màmá la kà sí i.

Ìwé gómìnà ló kù. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí títà tó fìdí múlẹ̀. Fáìlì wa ti wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká láti oṣù kọkànlá. Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjà mi jìyà ọdún yìí nítorí ìrìn, èyí náà wà nínú ìwé: oṣù keje àti ìkẹjọ, èrè tí mo jẹ ò tó ìdajì ti ọdún tó kọjá, owó alájẹṣẹ́kù sì máa gbà wá tó ọdún mẹ́rin kí a tó san án tán.

Lánàá, ọmọ Màmá ọkùnrin wá pẹ̀lú táìsì mẹ́rin nínú páálí, òun àti ọkọ mi tún igun sàréè náà ṣe kí ọdún tó yí. Mo se àmàlà fún wọn.

Ẹni méjì yòókù tó pè mí lórí lẹ́tà ṣì ń retí mi, àti bàbá kan ní Ìjàpọ̀ tó ṣèlérí pé òun máa bi ẹ̀gbọ́n òun. Mo ti kọ nọ́ńbà wọn sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Lọ́la, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa sọ fún wọn pé a ti rí ilé, kí wọ́n má ṣe dúró dè wá mọ́.