Ìdí Tí N Kò Fi Ní Lóyún

Àìsàn Marfan tí a bí mọ́ mi kò wọ́pọ̀: láàárín nǹkan bí 5,000 ènìyàn, ẹnì kan ni ó máa ń ní in. Àbùkù ara àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní FBN1 ni ó ń fà á. Ìka mi gùn débi pé bí mo bá fi àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín yí ọrùn ọwọ́ mi kejì ká, wọ́n á kọjá ara wọn. Ṣùgbọ́n inú ni ewu wà, lára òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti ọkàn jáde, èyí tí ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì lè fàya.

Àwọn ènìyàn rò pé nítorí kí ọmọ má baà jogún rẹ̀ ni mo ṣe fà sẹ́yìn. Lóòótọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá bí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, ọgbọọgba ni. Ṣùgbọ́n ayé mi dùn mọ́ mi, n kò sì gbà pé irú rẹ̀ kò yẹ ní gbígbé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwa tí a ní in ni kò rí i jogún lọ́wọ́ òbí kankan, èmi náà wà lára wọn. Kò sí ìwádìí ìdílé tí ìbá tú u síta kí n tó lọ ilé ọkọ.

Oyún gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí ó bá ṣe ń dàgbà ni ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ń pọ̀ sí i, òpó tí kò lágbára ni yóò sì gba gbogbo rẹ̀ sára, títí di lẹ́yìn ìbímọ pàápàá. Bí ìbú òpó náà bá ti kọjá mìlímítà 45, àwọn dókítà sábà máa ń sọ pé kí ènìyàn má lóyún. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lè pààrọ̀ ibi tí ó fẹ̀, àmọ́ kò mú ewu kúrò pátápátá. Ẹni tí òpó tirẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí dókítà ọkàn sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, lè bímọ láyọ̀, n kò sì ní dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́kun.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi dénú, wọ́n sì máa ń gbàdúrà pé, “Ìyàwó mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.” Nígbà tí ọkọ mi ṣàlàyé fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbóhùn ìyá, wọ́n sunkún, wọn kò sì sọ̀rọ̀ oyún mọ́. Ní báyìí, a ti kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ wa láti gba ọmọ tọ́, àwọn ni wọ́n sì ń béèrè jù bóyá èsì ti dé.