Ìlédìí tó tutù kì í ṣe àpò ìtọ̀ tó ṣófo: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Kétu

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbólóhùn kan wà tí mo kọ sínú ìwé ọmọ kan ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ní agbègbè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: "Ó ń tọ̀ dáadáa." Ọmọbìnrin oṣù mẹ́rin ni. Wọ́n bí i pẹ̀lú spina bifida, ìyẹn ni pé ògóóró ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé nínú oyún, wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ dí ẹ̀yìn rẹ̀, egbò náà sì ti jinná. Ìyá rẹ̀ gbé e wá láti ọ̀nà Ìlárá lórí sẹ́míjàn, ọ̀kadà wa níbí. Mo fọwọ́ kan ìlédìí rẹ̀, ó tutù. Mo béèrè nípa ìtọ̀ rẹ̀, ìyá ní, "Tàńtí, kì í gbẹ rárá, gbogbo ìgbà ló ń tọ̀." Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tó pé oṣù mọ́kànlá, ara rẹ̀ gbóná. A pè é ní ibà ẹ̀fọn, a fún un lóògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ni ẹnì kan tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ ní kí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fún ekogíráfì, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Kíndìnrín méjèèjì ti wú, ìtọ̀ kún inú wọn. Ara ti ọ̀tún ti fẹ́lẹ́.

Ẹ wo àmù tó kún dẹ́nu tí ẹnì kan ṣì ń da omi sí. Omi á máa ṣàn sílẹ̀ létí rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ á tutù, àmọ́ àmù kò dín. Bí àpò ìtọ̀ ọmọ yẹn ṣe rí nìyẹn.

Lára èmi àti ẹ̀yin, bí ìtọ̀ bá ń kún, àpò rẹ̀ á rọ̀, ẹnu ọ̀nà á pa dé. Tó bá di àtitọ̀, àpò á fún ara rẹ̀, ẹnu ọ̀nà á ṣí. Okùn iṣan inú ògóóró ẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé. Nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró ló yẹ kí ibẹ̀ ti pa dé. Tí kò bá pa dé, okùn yẹn á bàjẹ́, àpò lè máa fún ara rẹ̀ nígbà tí ẹnu ọ̀nà tì pinpin. Ibo ni ìtọ̀ máa gbà? Ó ń padà sókè. Ní 1981, McGuire àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ọmọ tí agbára inú àpò ìtọ̀ wọn ń ju 40 sẹ̀ǹtímítà omi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìtọ̀ ṣe ń ti ara àpò tó) lọ kí ìtọ̀ tó jò ni kíndìnrín wọn wà nínú ewu jù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n bí pẹ̀lú kíndìnrín tó pé. Lẹ́yìn ìbí ló ń bàjẹ́, lójú wa. Kíndìnrín sì mọ ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun síta. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní creatinine, tí a fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, gan-an lè tàn yín bíi pé kò sí ewu, nítorí inú ẹran ara ló ti ń wá, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sì í sábà ní ẹran. Nítorí náà, ekogíráfì láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà nínú ọdún àkọ́kọ́, láìdúró de àìsàn.

Rọ́bà ìtọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, páìpù tín-ín-rín tí a ń kì bọ ọ̀nà ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè gba inú rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń kọ "sonde" sára rẹ̀ nílé oògùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìlédìí rẹ̀ tutù bí ti ìṣáájú, síbẹ̀ 110 mililítà ló jáde. Kílò mẹ́jọ ni ọmọ náà. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ fi 7 sọ kílò rẹ̀ di púpọ̀: 56 ló yẹ kí àpò rẹ̀ gbà. Tó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ fi 2 kún ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀.

Kíkọ́ ìyá ló le jù. Ìyá ìyá ọmọ náà bá wọn wá, ó dìde dúró: "Ẹ fẹ́ ba ìbálé ọmọ mi jẹ́!" Ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, ẹ má sì bá màmá jiyàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ìtọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà ọmọ." Mo ya á sórí bébà, mo sì fi han wọn lára ọmọ náà: ihò kékeré tó wà lókè. Ó wò ó pẹ́. Ó ní òun ti bí ọmọ mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún òun rí. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń bá wọn ka wákàtí tí wọ́n ń fi rọ́bà náà sí i: ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ìyá ọmọ ń bẹ̀rù ìdọ̀tí. Ní 1972, Jack Lapides ní Michigan kọ̀wé pé ọwọ́ tó mọ́ tó, kò pọn dandan kí a pa gbogbo kòkòrò. Ìtọ̀ tó dúró pẹ́ àti àpò tó nà jù ló ń fa àkóràn jù. Ọṣẹ àti omi, nígbà náà. Kí rọ́bà wọlé pẹ̀lẹ́, bí ó bá kọ́ nǹkan, kí a dúró díẹ̀, kí a má tì í. Bí ìtọ̀ bá dá, kí a fà á jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ṣì lè ku díẹ̀ nísàlẹ̀. A ń pè é ní rọ́bà lóòótọ́, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ látẹ́ẹ̀sì, rọ́bà tí wọ́n fi oje igi ṣe, nítorí ara ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń kọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ yín náà ńkọ́?

Ẹ má kọ́ ìyá kankan láti máa tẹ abẹ́ ikùn ọmọ kí ìtọ̀ lè jáde. Mo ti kọ́ àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Bí ẹnu ọ̀nà bá tì, ọwọ́ yẹn ń ti ìtọ̀ sínú kíndìnrín ni.

Wọ́n fi oògùn tó ń jẹ́ oxybutynin kún ìtọ́jú ọmọ náà kí àpò rẹ̀ lè rọ̀. Ó ń dín òógùn ara kù, nítorí náà kí ọmọ má pẹ́ nínú oòrùn Kétu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tún ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, ìgbẹ́ líle sì ń fún àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti rí ìyá tó dín omi mímu ọmọ kù kí ìlédìí má baà tutù. Ẹ béèrè, wọn kì í sọ ọ́ fúnra wọn.

Bí àyẹ̀wò bá rí kòkòrò nínú ìtọ̀ ọmọ tó ń lo rọ́bà, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tó ń jẹun, tó ń ṣeré, ẹ má sáré fún un lóògùn apakòkòrò. Ibà ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti fi páìpù sí i lórí nítorí omi inú ọpọlọ, ibà àti èébì lè ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú; ẹ yẹ méjèèjì wò.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ní aago mẹ́wàá, yóò mú àpò kékeré rẹ̀, yóò sì jáde. Ìyá rẹ̀ ló ń dúró dè é lẹ́yìn kíláàsì, àmọ́ ọmọ ló ń fọ ọwọ́ ara rẹ̀, òun náà ló ń ka mililítà síta. Kíndìnrín ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò. Ti òsì ń dàgbà. Oṣù kọkànlá ni ekogíráfì rẹ̀ tó kàn.