PS5 ni àbí Xbox? Ohun tí mo sọ fún àbúrò ìyàwó mi

Àbúrò ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kékeré kan níbí ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀: wọ́n á san 100 fráǹkì, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù kan, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíì. PS4 àlòkù, ẹ̀rọ géèmù ilé-iṣẹ́ Sony, ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá fẹ́ ra tuntun. Ìbátan rẹ̀ kan ní Paris ti ṣèlérí Xbox Series S, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft, fún un, èyí funfun kékeré tí wọ́n gbé jáde ní 299 dọ́là ní oṣù kọkànlá 2020. 499 ni PS5 tó ń gba CD nígbà náà. Ló bá wá bá mi nídìí tábìlì tí mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú?"

Ó rò pé ọ̀rọ̀ bí àwòrán ṣe ń dán ni màá sọ. Mo bi í pé níbo ni géèmù tó ní ti ń wá. Ó ní CD àlòkù ni wọ́n ń bá òun gbé wá láti Alábà l'Ékòó, àti pé òun àti ẹnìkan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Pobẹ̀ jọ máa ń ṣe pààrọ̀. Ó dáa. Xbox Series S kò lẹ́nu. Kò síbi tí wọ́n ń ki CD bọ̀ lára rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fa géèmù rẹ̀ wálẹ̀, géèmù bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sì ń jẹ ọ̀pọ̀ jígà. Ẹni tó bá ń fi owó ara rẹ̀ ra mẹ́gà mọ ohun tí mò ń wí.

Owó mẹ́gà gan-an kọ́ ló ká mi lára. CD tó wà lọ́wọ́ rẹ, o lè tà á, o lè yá ará Pobẹ̀. Èyí tí o fà wálẹ̀, àṣẹ ìlò lásán ni wọ́n fún ọ, ẹni tó fún ọ sì lè gbà á padà. Ó ní mò ń dẹ́rù ba òun. Mo sọ ti The Crew fún un, géèmù ọkọ̀ tí Ubisoft ti ń tà láti 2014. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, wọ́n pa sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gba àṣẹ náà lọ́wọ́ àwọn tó ti sanwó. (Ká má purọ́ o: ẹni tó ní CD rẹ̀ náà kò lè ṣí i mọ́, nítorí géèmù náà kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí sáfà.) Ní California, wọ́n ṣòfin ní 2024 pé ilé ìtajà tó bá ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ là á yé oníbàárà pé àṣẹ ló ń rà. Òfin náà kò dá géèmù ẹnikẹ́ni padà. Òótọ́ ni wọ́n ṣáà ní kí wọ́n máa sọ.

Ọmọdé ni nígbà tí ìjà gidi wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbádùn sísọ ọ́ fún un. Ní 2013, Microsoft ní Xbox One tí àwọn ń gbé bọ̀ gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, géèmù kò ní ṣiṣẹ́, CD ìbáà wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún fi ààlà sí yíyá CD àti títà á ní àlòkù. Wákàtí 24! Ní ìlú tí iná lè lọ lónìí kó má dé títí dọ̀la. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Sony bọ́ síta ní Los Angeles, wọ́n ní PS4 kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì fi 100 dọ́là dín sí ti Xbox. Àwọn èrò hó yèè. Sony tiẹ̀ ṣe fídíò kan tí wọ́n fi kọ́ èèyàn bí a ṣe ń yá ọ̀rẹ́ ní géèmù: ọkùnrin kan na CD sí èkejì, èkejì dúpẹ́, ó parí. Kí oṣù náà tó parí, Microsoft ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ìyẹn kò sọ Sony di ẹni mímọ́. Bí bátìrì kékeré inú PS4 bá kú, tí ẹ̀rọ náà kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣí géèmù, tó fi mọ́ ti CD. Oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n tó tún un ṣe. Àti pé Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń jẹ́ ká mú tí a bá fẹ́ ṣí àkáǹtì PSN, ètò Sony tí a fi ń ra géèmù tí a sì ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo wa fi ń di ará Faransé lórí rẹ̀. Ohun tí o bá fowó rà sórí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, ta lo fẹ́ lọ bá bí wọ́n bá tì í?

Èyí tó kan iṣẹ́ mi gan-an ni ti ihò CD, ẹnu tí wọ́n ń ki CD bọ̀. Ẹnìkan gbé ẹ̀rọ géèmù kan wá, n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kì í ka CD mọ́. Mo ní òmíràn tó ti jóná, tí ihò CD tirẹ̀ ṣì dáa. Mo tú u, mo gbé e bọ inú ti oníbàárà mi. Ó kọ̀. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ inú kọ̀ǹpútà so ihò mọ́ bọ́ọ̀dù tí wọ́n jọ jáde, kò sì mọ àjèjì. Bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lára ihò oníbàárà mi, tí kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀, ni mo tú wá sára èkejì kó tó gbà. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1998 kan ló sọ pé títú irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lè di ẹjọ́. Ọdún 2021 ni wọ́n tó yọ àtúnṣe ihò CD ẹ̀rọ géèmù kúrò nínú rẹ̀.

Nítorí náà, PS5 oníhò CD ni mo ní kó mú. Àwọn CD PS4 tó ti ní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Xbox Series X náà ní ẹnu, n kò sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ní CD Xbox ní Kétu? Mo kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ra fún ti 2023 tí wọ́n ń ta ihò rẹ̀ lọ́tọ̀: ó gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kí ihò náà tó ṣiṣẹ́, kó yáa ṣe ìyẹn ní Kútọnu níwájú ẹni tó tà á fún un.

Ó rojọ́ títí pé ti Paris ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kó gbà á, kó fi sílé fún àwọn ọmọ. Òun àti ará Pobẹ̀ ti ń dá owó CD bọ́ọ̀lù tuntun jọ báyìí, ìjà tó kù láàárín wọn ni ta ni yóò máa lò ó lọ́jọ́ Sátidé.