Ìrora Tí Ẹnìkan Kì Í Bi Aboyún Léèrè

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Iná ti lọ, orí fóònù ni mo ti ń kọ èyí.

Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lónìí, mi ò sì fi bò. Mo ní, "Mà, mi ò rí ìgbẹ́ yà dáadáa mọ́. Tí mo bá sì rí i yà, ó máa ń dùn mí débi pé màá sunkún, ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀lé e." Obìnrin mìíràn wà nínú yàrá náà tí wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gbé ojú sápá kan. Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Láti ilé ni mo ti pinnu pé orúkọ tó ń jẹ́ ni màá pè é.

Nǹkan tó ń ṣe aboyún pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ẹni tó ń bá a gbé e. Bí èébì bá ń gbé e, gbogbo ilé á mọ̀, wọn á bó ọsàn fún un, wọn á lọ ra ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, èèyàn á dìde fún un nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ríro, òòyì, àìróorunsùn, ìyàwó ilé kejì á béèrè gbogbo rẹ̀ lórí fẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tì, tí èèyàn di ògiri mú, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ó ń bẹ̀rù ọ̀la nítorí pé ọ̀la náà á tún wọlé síbẹ̀, kò sí ẹni tí í béèrè ìyẹn. Wọ́n á ṣàdúrà fún mi lọ́nà ọjà pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Màá ṣe àmín, inú mi á sì le gbagidi lábẹ́ aṣọ.

Oyún mi ti wọ oṣù keje. Ti àkọ́kọ́ kò rí báyìí rárá.

Nọ́ọ̀sì náà fà mí jókòó, kò sì kánjú. Ó ní ara aboyún máa ń ṣe ohun kan jáde lọ́pọ̀lọpọ̀ tí wọ́n ń pè ní progesterone. Òun ló ń jẹ́ kí ilé ọmọ dẹ̀, kó má baà máa fún pọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ilé ọmọ nìkan kọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́, ìfun náà á dẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á sì falẹ̀. Oúnjẹ tó yẹ kó ti kọjá á pẹ́ lójú ọ̀nà, bó bá sì ṣe ń pẹ́ ni ìfun á máa fa omi inú rẹ̀, títí tí ohun tó kù á fi gbẹ. Ọmọ náà ń dàgbà, ilé ọmọ ń tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ikùn, ẹ̀jẹ̀ á wá pé jọ sínú àwọn iṣan tó yí ìdí ká, wọn á wú. Bí èèyàn bá wá fi ipá ti ìgbẹ́ gbígbẹ jáde, wọn á tún wú sí i, òmíràn á yọ síta, òmíràn á ṣẹ̀jẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn. Awọ ẹnu ìdí náà lè ya. Yíya yẹn ni tèmi. Ẹni tó bá ti ní in mọ̀ pé bí ìgbà tí abẹ gba ibẹ̀ kọjá ni, ó sì lè máa ro èèyàn fún wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Inú mi dùn pé ẹnìkan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí, nítorí àlàyé tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé ṣúgà ni ìyá jẹ̀díjẹ̀dí. Ọmọdé wo ni wọn ò tíì sọ fún pé, "Fi adídùn yẹn sílẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí á mú ẹ"? Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nídìí ṣe máa ń rò pé òun ló fi ẹnu fà á, tí ojú á tún tì í sí i.

Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ kọ dáadáa, torí òun ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀, PCV mi, ìyẹn ìdíwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, jẹ́ 27. Bí ti aboyún bá wà lábẹ́ 33, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n kọ ferrous sulphate oníwọ̀n 200 mg fún mi, oògùn tó ní irin (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Nǹkan bíi 65 mg ni irin tó wà nínú ẹyọ kan. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde fún ìtọ́jú aláboyún ní 2016 sọ pé kí aboyún máa lo irin 30 sí 60 mg lójúmọ́ pẹ̀lú folic acid, oríṣi fítámì kan, kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó sì máa lo 120 mg títí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi gòkè. Ìdí tí wọ́n fi kọ méjì fún mi nìyẹn. Irin tí ara kò bá rí lò tán á máa bá ìfun lọ, á sọ ìgbẹ́ di dúdú, á sì máa dí inú ọ̀pọ̀ èèyàn. Oògùn tó gbé ẹ̀jẹ̀ mi dé 31 ló tún ń dá mi lóró nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Mo mọ àwọn obìnrin tó ń gba oògùn yìí nílé ìwòsàn tí wọn kì í lò ó. Wọ́n á kó o sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á sì sọ fún dókítà pé àwọn ń lò ó. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, mo mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún obìnrin tó ń rọbí. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ kò bá tó kó o tó wọ yàrá ìbímọ, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn á dà tí á sì dìde lè gbé ìwọ lọ. Nítorí náà, bí oògùn bá ń ni ẹ́ lára, padà sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún ẹ. Lónìí, wọ́n pe dókítà sí ọ̀rọ̀ mi. Ó dín in kù sí ẹyọ kan lójúmọ́, ó ní kí n máa fi ọsàn lò ó kí ara lè fa irin náà dáadáa, kí n má ṣe mu tíì mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọ́n á tún PCV mi yẹ̀ wò. Bí ó bá lọ sílẹ̀, wọ́n á wá ẹ̀yà mìíràn fún mi.

Nígbà tí wọ́n rí i ní ilé pé mo ń fajú ro ní gbogbo ìgbà tí mo bá jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyá ọkọ mi lọ sí ọjà Òjé, ó sì ra agbo jẹ̀díjẹ̀dí bọ̀ nínú ìgò ńlá. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀ gbà á. "Màámi, ẹ ṣeun mà, ẹ ò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù lórí wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ní ọsibítù kí n tó fẹnu kàn án." Wọn ò bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ìyàwó, àwa tí a bí ọkọ ẹ, ọsibítù wo la bi léèrè?"

Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè lónìí bí mo ṣe ṣèlérí. Ó ní kí n má mu ún. Kò sọ pé agbo kò dára. Ó ní a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Asunwọ̀n wà nínú ọ̀pọ̀ agbo jẹ̀díjẹ̀dí, ewé tó ń gbọn inú dànù ni. Ọtí líle ni wọ́n sì fi ń rẹ òmíràn, ọtí kò sì yẹ aboyún rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni òróró lárà, nítorí ó lè mú kí ilé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀. Èmi tí agbo wẹ̀ tí agbo tọ́ dàgbà ni mo ń sọ ọ́: kí ìgò yẹn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí màá fi bímọ.

Lactulose ni wọ́n kọ fún mi, oògùn olómi tó dùn. Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Adídùn rèé! Ṣé adídùn ni wọ́n ń fún ẹni tí ìdí ń dùn?" Mo ṣàlàyé pé ṣúgà inú rẹ̀ kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ bí èyí tí a ń fi sínú ògì, inú ìfun ló ń dúró sí, omi ló sì ń fà wá síbẹ̀ kí ìgbẹ́ lè rọ̀. Ó lè gba ọjọ́ méjì kó tó ṣiṣẹ́, inú á sì máa kùn díẹ̀. Mi ò rò pé wọ́n gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé oògùn náà ń fẹ́ omi, wọ́n bu omi kún jọ́ọ̀gì ńlá, wọ́n gbé e síwájú mi, wọ́n sì jókòó títí mo fi mu ún dé ìdajì.

Àpótí ìdáná wa ti di ohun èlò ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí mo bá jókòó, màá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, orúnkún á ga ju ìbàdí lọ, màá sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń lóṣòó ní ṣáláńgá nìyẹn, ọ̀nà ìdí sì máa ń là gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Mi ò jẹ́ fi ipá tì í mọ́. Bí kò bá tíì tó àsìkò, màá dìde, màá sì padà. Àárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń yá jù, torí oúnjẹ tó bá wọ ikùn á ta ìfun jí, nítorí náà mi ò fi iṣẹ́ kankan sí àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà, màá jókòó sínú bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, omi nìkan, láìfi Dettol tàbí ohunkóhun sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ara tù mí débi pé mo sunkún.

Oúnjẹ kò le. Ẹ̀wà, ewédú, ilá, gbúre àti ṣọkọ, ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, ọsàn tí mo jẹ tòun ti awọ inú rẹ̀. Mo ti dín búrẹ́dì funfun kù. Ẹfun tí àwọn aboyún máa ń rà jẹ lọ́jà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀: ó ń dí inú, kì í sì í jẹ́ kí ara rí irin fà.

Nígbà tí mo jáde, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé mi dé ìdí obìnrin tó ń ta omi. Òun ni wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni wọ́n kọ fún yín?" Ó ní òun náà ń rí ẹ̀jẹ̀. Mo bi í bóyá ìdí ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá tàbí ojú ara. Ó wò mí, ó ní òun ò mọ̀, pé ara bébà ni òun ti ń rí i, òun sì gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Ọkàn mi fò sókè. Ẹ̀jẹ̀ ojú ara nínú oyún tó ti dàgbà lè jẹ́ ti ibi ọmọ, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi oògùn jẹ̀díjẹ̀dí wò. Mi ò sọ orúkọ oògùn kankan fún un. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Àbúrò mi, jẹ́ ká padà wọlé." Ó ní ojú ń ti òun. Mo ní èmi ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi náà ni mo sì sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà gbé e lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé lójú ẹsẹ̀. Ó tún sọ fún àwa méjèèjì pé bí inú bá wú tí kò sí ìgbẹ́ tí kò sí ìsó, bí èébì tàbí ibà bá dé, tàbí tí inú rírun bá ń wá tó ń lọ lóòrèkóòrè, kí a má dúró de Ọjọ́bọ̀ mìíràn, kódà bó jẹ́ òru.

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ìdí ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá, jẹ̀díjẹ̀dí tó wú síta ni. Wọ́n gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ń lù dáadáa. Wọ́n fún un ní oògùn tirẹ̀, wọ́n sì ní kó dín oúnjẹ gbígbẹ kù. Ó ní ewédú ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n ọkọ òun kì í jẹ ewédú, kò sì sí ní ilé àwọn láti ìgbà tí àwọn ti ṣègbéyàwó.

Mo kọ padà sí i pé kó ra ewédú lọ́la, kó já a dáadáa, kó sì sè é fún ara rẹ̀.