Ta Ni Agbẹnusọ Akọ̀ròyìn Tó Jẹ́ Ọmọ Onílẹ̀?

Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ìjọba ilẹ̀ kan ń bá ìjọba ilẹ̀ mìíràn wí nítorí akọ̀ròyìn tí wọ́n tì mọ́lé, orúkọ Baher Mohamed, akọ̀ròyìn ọmọ Íjíbítì, ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, àwọn agbófinró Íjíbítì mú un pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 2 ní ilé iṣẹ́ ìròyìn Al Jazeera: Peter Greste, ọmọ Ọsirélíà, àti Mohamed Fahmy, tí ó jẹ́ ọmọ Íjíbítì àti Kánádà pọ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n gbé ìròyìn èké jáde, wọ́n sì ran Muslim Brotherhood, ẹgbẹ́ tí ìjọba Íjíbítì ti fòfin dè, lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, ilé ẹjọ́ rán Greste àti Fahmy lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ọdún 10 ni wọ́n fún Baher, nítorí pé wọ́n bá èèpo ọta ìbọn kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kan péré ṣáájú ìdájọ́ náà ni John Kerry, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, wà ní Káírò, tí ó ń fi dá ìjọba Íjíbítì lójú pé hẹlikọ́pítà ogun Apache tí Amẹ́ríkà dá dúró yóò dé ọwọ́ wọn láìpẹ́. Lóòótọ́, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìdájọ́ náà nígbà tí ó jáde. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ń retí nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 dọ́là lọ́dọọdún láti ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn ológun rẹ̀, tí owó náà kò sì dúró pátápátá, kò ní ka ẹnu àtẹ́ sí ohun bàbàrà.

Ọsirélíà kò yé bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Ààrẹ el-Sisi ti Íjíbítì gbé òfin kan jáde tí ó fún un lágbára láti dá àjèjì tí ó wà lẹ́nu ẹjọ́ padà sí ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2015, Greste kúrò lẹ́wọ̀n lẹ́yìn 400 ọjọ́. Fahmy kọ jíjẹ́ ọmọ Íjíbítì sílẹ̀ kí òun náà lè rí àǹfààní òfin yìí. Kí ni Baher, tí ó jẹ́ ọmọ Íjíbítì nìkan, ní láti kọ̀ sílẹ̀? Wọ́n tún ẹjọ́ òun àti Fahmy gbọ́, wọ́n tún dá wọn lẹ́bi, kí ààrẹ tó dárí jì wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015.

Ohun tí ó ń dùn mí nìyí. N kò bá ìjọba kankan wí pé ó jà fún ọmọ rẹ̀. Àmọ́ bí ìjà náà bá mọ sórí ọmọ tiwọn nìkan, ọ̀nà àbùjá ti là fún ẹni tí ó ń fi òfin ni àwọn oníròyìn lára: yóò tú àjèjì sílẹ̀, ariwo yóò rọlẹ̀, òfin náà yóò sì wà nílẹ̀ de ọmọ onílẹ̀. Àti òfin oṣù Kọkànlá àti ìdáríjì náà, ọwọ́ ààrẹ ni méjèèjì ti wá. Kò sí èyí tí ó fi agbára kún ti adájọ́.

Nítorí náà, nígbà tí aṣojú ilẹ̀ òkèèrè kan bá tún bá irú ìjọba bẹ́ẹ̀ jókòó, orúkọ àwọn tí kò ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò pè wọ́n lọ́mọ ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé owó àti ti ohun ìjà.