Ẹsẹ tí mo ní wọ́n yọ kúrò

Èmi ni mo dìde lọ́jọ́ náà tí mo ní kí gbogbo kíláàsì Bíbélì wa lọ da àwọn ìtumọ̀ tuntun ọwọ́ wọn nù. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 la ń kà, níbi tí Fílípì ti bá ìwẹ̀fà ará Etiópíà pàdé. Màmá àgbàlagbà kan ń kà sókè. Wọ́n ka ẹsẹ 36 tán, wọ́n sì bọ́ sórí 38. Mo ní kí wọ́n dúró. Nínú Bíbélì àtijọ́ tí mo gbé dání, ẹsẹ 37 wà níbẹ̀ gbangba: Fílípì ní bó bá gbàgbọ́ tọkàntọkàn, ó lè ṣe ìrìbọmi, ìwẹ̀fà sì jẹ́wọ́ pé Ọmọ Ọlọ́run ni Jésù. Mo pariwo pé wọ́n ti yọ ìgbàgbọ́ kúrò nínú ìrìbọmi. Mo wàásù lé e lórí títí àkókò fi tán.

Nígbà tí mo jókòó, màmá na ìwé wọn sí mi. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka eléyìí tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ ti kéré jù fójú mi."

Mo kà á. Ó ní àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan ní ọ̀rọ̀ kún un níbí, ó sì to gbogbo ọ̀rọ̀ ẹsẹ 37 síbẹ̀. Ta ló ń jí nǹkan tó tún ń gbé e sójú títì? Mo dá ìwé padà, mo ní "Ẹ ṣé, mà," n kò sì lè wojú wọn.

Ìtìjú yẹn ló lé mi dédìí ọ̀rọ̀. Kò sí èyí tí Lúùkù tàbí Pọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó kù láyé. Àdàkọ àdàkọ ló dé ọwọ́ wa, ti èdè Gíríìkì nìkan sì lé ní 5,000. Ọwọ́ ènìyàn ló dà wọ́n kọ, ojú a máa fo ìlà, ọwọ́ a sì máa fi kún un. Nínú méjì tó lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn Bíbélì Gíríìkì ńlá, Sinaiticus àti Vaticanus, tí wọ́n dà kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ẹsẹ 37 kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré o: Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́ kan tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 180, mọ ìjẹ́wọ́ ìwẹ̀fà náà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àdàkọ tó pẹ́ jù fún Ìṣe fúnra rẹ̀ kò ní in. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Erasmus tẹ Májẹ̀mú Tuntun ti Gíríìkì jáde ní 1516, etí ìwé àfọwọ́kọ kan ló ti rí ẹsẹ náà. Ó rò pé àwọn adàwékọ ló gbàgbé rẹ̀, ó bá mú un wọlé. Ìlà ìwé tirẹ̀ ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 tọ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni ewé tó kẹ́yìn Ìfihàn já kúrò nínú ẹyọ ìwé kan tó ní, tó fi jókòó, tó túmọ̀ àwọn ẹsẹ tó gbẹ̀yìn láti Látìn padà sí Gíríìkì!

Nítorí náà, bí ẹsẹ kan bá sọnù lójú yín, ẹ béèrè ẹni tó yọ ọ́, kí ẹ sì tún béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀.

Nọ́ńbà ẹsẹ pàápàá, mi ò fọkàn tán an mọ́. Àlùfáà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Stephen Langton, ló pín orí tí à ń lò, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Òǹtẹ̀wé ará Faransé kan, Robert Estienne, ló fi nọ́ńbà sí ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun ní 1551. Ẹ wo 1 Kọ́ríńtì 11:1, ìparí ọ̀rọ̀ orí 10 ni, wọ́n gé e sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹ mú Fílémónì, ẹsẹ 25 péré, kí ẹ kà á láìdúró bí ẹni ń ka lẹ́tà, torí lẹ́tà ni.

Ibi tí èdè wa ti gbè mí lẹ́yìn ni "ẹ" àti "ìwọ". Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti pa méjèèjì pọ̀, Hébérù àti Gíríìkì kò pa á pọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gba Jeremáyà 29:11, èrò àlàáfíà yẹn, bí ìlérí fún èmi nìkan. "Yín" ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ 10 ní ó di lẹ́yìn 70 ọdún. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó gbọ́ lẹ́tà náà ni yóò ti kú kó tó ṣẹ. Nínú Lúùkù 22:31 àti 32 náà, ní Gíríìkì, gbogbo wọn ni Sátánì béèrè láti kù bí àlìkámà, ṣùgbọ́n Símónì nìkan ni Jésù ní òun gbàdúrà fún.

Àmọ́ "ẹ" wa tún ń jẹ́ ti ọ̀wọ̀, àwọn èdè wọ̀nyẹn kò sì ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ onínàákúnàá fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú Bíbélì wa bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo rò ó ní kékeré pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ọmọ náà ló fà á.

Ajayi Crowther, tí ìtumọ̀ ìwé Róòmù rẹ̀ sí Yorùbá jáde ní 1850, ọ̀rọ̀ tó bá nílẹ̀ ló lò. Àdúrà, àlùfáà, wòlíì, ìwàásù: àwọn Mùsùlùmí ló ti mú wọn wọ èdè wa láti inú Lárúbáwá. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Èṣù? Abanijẹ́ ni ìtumọ̀ diabolos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n pè ní Èṣù. Wọ́n gbé orúkọ òrìṣà ẹlòmíì bò ó, mo sì gbà pé àṣìṣe gbáà ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dìde ní kíláàsì, mo bẹ̀bẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Màmá gbọ́ mi tán, wọ́n ní: "Tíṣà, tí ẹsẹ yẹn ò bá sí, kí ni Fílípì wá fi dá ìwẹ̀fà lóhùn?"

Mo wo ìwé. Ìwẹ̀fà béèrè ohun tó dá òun dúró láti ṣe ìrìbọmi, kò sì sí ẹni tó fèsì. Ó kàn pàṣẹ pé kí kẹ̀kẹ́ dúró, àwọn méjèèjì sì sọ̀kalẹ̀ lọ sínú omi.